Ìwé Wo Ni Ẹnu Ọ̀nà Ìdí-Àràbà Ń Béèrè?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní Abúlé Òkúta, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń fẹnu bà nígbà tí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá parí, tí a sì máa ń pa tì bí kálukú bá ti kọrí sílé. Mo fẹ́ ká sọ ọ́ délẹ̀. Ọmọ wa ti ń fẹ́ ṣe dókítà láti kékeré. Ó ṣe JAMB, kò rí mẹ́dísìn gbà. Wọ́n fún un ní maikirobáyọ́lọ́jì tàbí físíọ́lọ́jì, ó gbà á, ó sì kà á parí. Ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, ó ti bọ́ káàkí, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí mẹ́dísìn. Ìbéèrè tó wá kù fún àwa tí a ń sanwó ni pé: ẹ̀kọ́ wo ló tún yẹ kó lọ kọ́, tí àwọn tó ń gba ọmọ wọlé yóò fi kà á sí?

Ojú wa báyìí ni yunifásítì wà. Láti Abúlé Òkúta, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rìn dé géètì UNILAG ní Àkokà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gba yàrá lọ́wọ́ àwọn onílé wa, àwọn ló ń ra gàrí àti ẹ̀wà lọ́wọ́ wa, àwọn náà ni kì í jẹ́ ká sùn nígbà ìdánwò. Ọmọ tó dàgbà síbí, tó lọ sí CMS Grammar School ní Bàrígà, ilé-ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, tàbí tó lọ sí St. Finbarr's ní Àkokà, kò lè rò pé yunifásítì jìnnà sí òun. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn UNILAG kò sí ní Àkokà. Ìdí-Àràbà ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn LUTH, láti 1962. Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn ọmọ mẹ́dísìn ń lò ní Àkokà kí wọ́n tó kó lọ sọ́hùn-ún. Ọ̀nà tó lọ sí Ìdí-Àràbà sì há ju èyí tó lọ sí Àkokà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ. Ní Nàìjíríà, oyè àkọ́kọ́ ni mẹ́dísìn jẹ́. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama lè wọ̀ ọ́ tààrà, ọdún 6 ni yóò sì fi kà á. Ohun tí wọ́n ń wò lára rẹ̀ kò pọ̀: krẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì, máàkì JAMB nínú 400, àti ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ní àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé ìdá 45 nínú 100 àyè jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí yunifásítì kà sí agbègbè rẹ̀, 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ti UNILAG, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló wà nínú 35 yẹn. Nítorí náà, ọmọ Abúlé Òkúta àti ọmọ Adó-Èkìtì jọ wà nínú agbègbè kan náà ni. Sísún tí a sún mọ́ géètì kò fún ọmọ wa ní máàkì kan. Lẹ́yìn èyí ni MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, tún fi iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà lélẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá sì kọjá rẹ̀ yóò jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa fi lè jókòó sílé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé olódo ni.

Fún ẹni tó ti gboyè, fọ́ọ̀mù mìíràn wà tí JAMB ń tà, Direct Entry, tí gbogbo wa ń pè ní D.E. Oyè àkọ́kọ́ tó dára lè gbé ọmọ wọ 200 level, yóò sì fi ọdún 5 parí dípò 6. IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ń bójú tó, àti JUPEB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní UNILAG, ọ̀nà D.E. yìí náà ni wọ́n ń gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba èyí, òmíràn kò gbà á. Ọ̀kan fẹ́ 2:1, òmíràn tún ní àwọn ìwé mìíràn tó ń béèrè lórí rẹ̀. Ọmọ kò sì lè ra fọ́ọ̀mù UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB tí gbogbo wa mọ̀, àti ti D.E. pọ̀ ní ọdún kan náà, kí ẹ má jẹ́ kí ẹni tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ní kàfé tàn yín. JAMB ti kó gbogbo òfin yìí jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, IBASS ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ ṣí i níwájú yín, kí ẹ jọ kà á ní ilé-ẹ̀kọ́ kan sí èkejì. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá ta kókó, ẹ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mẹ́dísìn tó ń gbé yàrá ní àdúgbò wa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ọmọ tó ti gba ibẹ̀ kọjá yóò sì sọ fún yín láàárín wákàtí kan ohun tí ejẹ́ńtì yóò gba owó ńlá lé lórí.

Ẹ wá bá mi wá ibi tí másításì wà nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí.

Kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó gba 2:2 nínú báyókẹ́místìrì, tó wá lọ ṣe másításì, 2:2 yẹn náà ni ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù D.E. rẹ̀ wò yóò bá pàdé. Krẹ́díìtì físíìsì tí kò ní, másításì kò ní í bá a gbà á. Máàkì JAMB tó gbà nígbà kan, ọdún kan péré ló ń lò kó tó kú. Síbẹ̀, láàárín wa níbí, másításì yìí náà ni a kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. "Kó tètè lọ ṣe másításì, wọn ò ní í lè kọ̀ ọ́ mọ́." Mo mọ ohun tó ń mú wa sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí ìwé kà tó bó ṣe wù wá, a sì gbà pé bí ìwé bá ṣe pọ̀ tó ni ilẹ̀kùn yóò ṣe máa ṣí tó. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ojú ń tì wá kí ọmọ tó gboyè jókòó sílé. Bí ó bá wà ní másításì, a ó rí ìdáhùn fún ẹni tó bá béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí.

Mo rí bàbá kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní òpópónà Bájúláyé, ní Ṣómólú. Ìwé àṣejáde másításì ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bá a dì ló wá gbà. Ọmọ náà wà nídìí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Èèpo ìwé náà dúdú, lẹ́tà góòlù ni wọ́n fi kọ ọ́, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì gbẹ, débi pé ẹni tó dì í ń bẹ bàbá náà kó má tíì ṣí i. Bàbá kò ṣí i. Ó fi ìka tọ orúkọ ọmọ rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ó gbìyànjú láti ka àkọlé rẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà nínú èkúté, ó sì yíjú sí gbogbo wa tó wà níbẹ̀: "Ẹ wò ó, wọn ò lè kọ èyí fún un ní Ìdí-Àràbà." Atẹ̀wé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín, a kì í já àdúrà òbí gbà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra pé kò sí ẹni tó jókòó ti bàbá yẹn kó tó san owó ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kó bi í pé: ta ló sọ fún yín pé wọ́n ń béèrè rẹ̀?

Èmi kò bú másításì o. Ẹni tó bá ṣe é ní físíọ́lọ́jì tàbí anátómì, tó sì tẹ̀ síwájú, òun ló máa ń di olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ mẹ́dísìn ní ọdún kejì àti ìkẹta, kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ṣe é ní ìlera gbogbogbò ń rí iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àti ní àwọn àjọ tó ń gbógun ti ibà àti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Iṣẹ́ gidi ni. Kí ọmọ ṣe é nítorí iṣẹ́ náà, kí òbí sì mọ̀ pé ìyẹn ni òun ń sanwó fún.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan atẹ̀wé, Dókítà Oguntọla Sapara ni mo máa ń rántí. Freetown ni wọ́n ti bí i ní 1861, Iléṣà ni bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Nígbà tó dé Èkó, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ kọ́, irú èyí tí Ṣómólú fi lókìkí lónìí. Lẹ́yìn náà ló wọ ilé ìwòsàn ìjọba, tó ń po òògùn. Ibẹ̀ ló ti gbéra lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kàwé ní St. Thomas's Hospital, ó sì di dókítà ní 1895. Òun ni dókítà tó wọ inú àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ bí ìgbóná ṣe ń ràn káàkiri Èkó, ohun tó rí níbẹ̀ sì wà lára ohun tí ìjọba fi ṣòfin lòdì sí wọn. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: ẹni tí wọ́n bí ní 1861, tó di dókítà ní 1895. Ó ti tó ẹni ọdún 34 nígbà náà. Nígbà tó ń po òògùn, ó ń jẹun nídìí iṣẹ́ náà, ó ń wọn oògùn, ó ń rí aláìsàn lójoojúmọ́, ó sì ń rí dókítà lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ rí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù, ọdún tó lò nídìí òògùn kì bá ti ṣòfò. Irú àárín ọdún báyìí ni mo ń fẹ́ fún ọmọ wa tí kò tíì rí mẹ́dísìn wọ̀.

Yábàá, tí kò jìnnà sí wa, ni òdì-kejì ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1930, ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ níbẹ̀, Yaba Higher College sì ṣí ní 1934. Àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn pé jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí ló wọ̀ ọ́. Wọ́n kàwé fún ọdún púpọ̀, wọ́n sì mọ iṣẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde, nítorí pé ìwé ẹ̀rí Yábàá kò bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ dókítà pátápátá ní láti tún wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó bí àwọn ọ̀dọ́ Èkó nínú. Nígbà tí Dókítà J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní 1934, ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Yábàá yìí wà lára ohun tó kó wọn jọ. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kọ́. Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Ìwé tí wọ́n gbà ni kò ní ẹni tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí èyí tó láti mú kí àwa òde òní béèrè kí a tó sanwó.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà máa ń dá sí i. Wọ́n á ní kí ọmọ wá ṣe másításì lọ́dọ̀ àwọn, kó gba ibẹ̀ wọ mẹ́dísìn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìpìlẹ̀, nítorí ètò tiwọn yàtọ̀. Níbẹ̀, oyè àkọ́kọ́ ni ọmọ ń gbà kó tó béèrè fún mẹ́dísìn, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò MCAT, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528. Ọmọ tí máàkì oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ kò tó lè padà sí kíláàsì kó tún ka sáyẹ́ǹsì, bí ẹni tó ṣì wà ní oyè àkọ́kọ́. Post-bac ni wọ́n ń pe ìyẹn. Àwọn másításì kan sì wà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tiwọn, tí yóò ti máa ka ohun tí àwọn ọmọ mẹ́dísìn ń kà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: AMCAS, ètò tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀ fi ń gba ìwé, máa ń ṣírò máàkì post-bac mọ́ ti oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ máàkì másításì sí ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Másításì lè fi hàn pé ọmọ lè ṣe iṣẹ́ tó le. Kò lè gbé máàkì oyè àkọ́kọ́ tó ti lọ sílẹ̀ dìde. Èyí tó tún kan àwa gan-an ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Amẹ́ríkà kì í gba oyè tí ọmọ gbà ní ilẹ̀ òkèèrè nìkan, àfi kó tún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, díẹ̀ ló sì ń gba ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú.

Ní Britain, mẹ́dísìn ọlọ́dún 4 wà fún àwọn tó ti gboyè. 2:1 ni wọ́n sábà máa ń béèrè, pẹ̀lú ìdánwò UCAT tàbí GAMSAT. Ibẹ̀ ni másításì ti lè ran ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀, nítorí pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ń gba ẹni tó ní 2:2 bó bá ti ṣe másításì tàbí PhD. Kì í ṣe gbogbo wọn. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò kì í ṣe ohun tí a lè fi àjọ Bàrígà kó jọ.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká ṣe? Ká mọ ibi tó ń dun ọmọ ká tó wá oògùn rẹ̀. Bí WAEC ló kù díẹ̀ káàtó, WAEC ni kó tún ṣe, èyí tí a ń pè ní GCE, bó tilẹ̀ ti gboyè. Ojú máa ń tì wọ́n láti bá àwọn ọmọ kékeré jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò; iṣẹ́ tiwa ni láti mú ìtìjú yẹn kúrò lọ́kàn wọn. Bí JAMB ló ń gbé e ṣubú, kó gba lẹ́sìnnì. Bí oyè àkọ́kọ́ kò bá dára tó láti wọ D.E., JUPEB tàbí IJMB lè jẹ́ ọ̀nà, bí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ bá ń gbà á. Bí kò bá sí èyí tó kù, tó jẹ́ pé àyè ni kò tó, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má sì fi owó lé ẹni tó ní òun mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì lọ́wọ́. A ti mọ ibi tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀kọ́ ilé fẹ́ lọ́wọ́ wa, tí kò ní owó nínú. Kí a bi ọmọ léèrè bóyá iṣẹ́ dókítà ló ń fẹ́ tàbí orúkọ rẹ̀, kí a sì fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn tí kò dùn mọ́ wa. Ọmọ tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kó lọ ṣe ìrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan fún oṣù díẹ̀, kó rí i bí aláìsàn ṣe ń tò láti àárọ̀, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú dókítà tí kò tíì jẹun. Mo ti rí ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde tó ní òun kò ṣe mọ́, tó ń ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ mìíràn báyìí. Mo tún ti rí èyí tí ibẹ̀ túbọ̀ mú ọkàn rẹ̀ le.

Ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan wà lára àwọn tí ọkàn wọn le sí i. Físíọ́lọ́jì ló kà, 2:1 ló gbà. D.E. rẹ̀ kò yọrí sí nǹkan kan, ìyá rẹ̀ sì ti kó owó jọ láti fi ṣe másításì. Ọmọ náà ní kí wọ́n ṣe sùúrù díẹ̀. Ó lọ ka òfin ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fẹ́ láti òkè délẹ̀, ó sì rí i pé ìjókòó kan ni wọ́n ní kí WAEC wà. Ti tirẹ̀, ìjókòó méjì ni. Físíọ́lọ́jì gbà á bẹ́ẹ̀, mẹ́dísìn kò gbà á. Ó wá bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, GCE ni mo fẹ́ lọ ṣe." Ìyá rẹ̀ pariwo pé, "Ìwọ tí o ti gboyè!" Wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyá tó gbà. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Fádèyí báyìí, ó ń gba owó oṣù tí kò pọ̀, ó sì ń ka físíìsì ní alẹ́. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí D.E. tó ń bọ̀ kò bá yọ, másításì ìlera gbogbogbò ni òun yóò ṣe, òun yóò sì fi ṣiṣẹ́, òun kò ní í fi dúró de ẹnikẹ́ni. Nínú owó tí wọ́n kó jọ, wọ́n ti san ti GCE àti ti lẹ́sìnnì. Ìyókù wà ní báńkì, ó ń dúró de ọdún àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ọdún àkọ́kọ́ ní ìlera gbogbogbò, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé.